Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ojú Túùlù Ti Kú Kí Iṣẹ́ Tó Bàjẹ́

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí ẹ̀rọ léètì (tó ń yí irin kí túùlù lè gé e) àti ẹ̀rọ mílìn (tó ń yí túùlù fúnra rẹ̀) pọ̀, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń wá: bí èèyàn ṣe lè fi sẹ́ńsọ̀ mọ̀ pé ojú túùlù, ìyẹn ohun tó ń gé irin, ti jẹ, kó má jẹ́ pé irin tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa sọ fún un. A mú mẹ́fà nínú wọn. Kí ẹ tó máa kà á lọ, ẹ fi èyí sọ́kàn: kò sí ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ńsọ̀ tí a máa dárúkọ tó ń rí jíjẹ túùlù gan-an. Ohun tí jíjẹ náà ń ṣe sí gígé ló ń rí, àwọn nǹkan mìíràn tó lè ṣe irú rẹ̀ sí gígé sì pọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. CNC léètì, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí, la fi ń gé ṣáàfùtì níléeṣẹ́ wa. Òfin tí a ń tẹ̀lé ni pé ká pààrọ̀ ínsáàtì (ègé kékeré tó ń gé irin lẹ́nu túùlù) lẹ́yìn ṣáàfùtì 40. Nígbà mìíràn, èyí tí a yọ ṣì mú ṣáṣá. Nígbà mìíràn, ó ti fọ́ kó tó pé 32. Sẹ́ńsọ̀ wo ni ká kọ́kọ́ rà? (Òṣìṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ, Ọ̀tà)

Ẹ má tíì náwó. Sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ ti wà nínú ẹ̀rọ yín: mítà load ojú CNC, tó ń fi bí spindle (ọ̀pá tó ń yí irin lórí léètì, tó sì ń yí túùlù lórí mílìn) ṣe ń ṣiṣẹ́ tó hàn nínú ọgọ́rùn-ún. Dráìfù spindle, ìyẹn àpótí tó ń darí iná mọ́tò rẹ̀, ló ń fún un ní nọ́ńbà yẹn. Ọ̀pọ̀ dráìfù ló ní ojú ìsopọ̀ kan tó ń mú 0 sí 10 V jáde, tí ẹ lè sètò kó máa tẹ̀lé torque (ipá yíyí) tàbí agbára. Bó bá jẹ́ CNC iléeṣẹ́ Fanuc tó ní ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ẹ lè fi kọ̀ǹpútà ka load náà nípasẹ̀ FOCAS, àkójọ ètò kọ̀ǹpútà tí Fanuc ṣe fún un. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ná, ṣáàfùtì kan sí òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, kẹ́ ẹ lè rí bí ohun tí à ń wá ṣe kéré tó. Irin tí kò le jù máa ń gba ipá bíi 2,000 N fún mílímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan tí túùlù bá ń bó lára rẹ̀. Bí ẹ bá gé e jìn tó 2 mm, tí fíìdì (bí túùlù ṣe ń rìn síwájú tó) sì jẹ́ 0.2 mm ní yíyí kan, ipá ẹnu túùlù jẹ́ 2,000 × 2 × 0.2, ìyẹn 800 N. Bí ìyára bá jẹ́ 150 m ní ìṣẹ́jú kan, agbára tí gígé yẹn ń jẹ jẹ́ 2 kW. Ká wá sọ pé ínsáàtì jẹ débi pé ipá náà fi ìdá kan nínú márùn-ún lé sí i. 400 W ló kún un. Lórí mọ́tò onífésì mẹ́ta tó ń lo 415 V, kò ju bíi 0.7 A lọ lórí wáyà kọ̀ọ̀kan. Mọ́tò 7.5 kW sì lè máa fa 5 tàbí 6 A láìgé ohunkóhun, nítorí ó gbọ́dọ̀ fi iná dá mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ kó tó lè yí rárá. Ẹni tó bá fi sẹ́ńsọ̀ 100 A há irú wáyà bẹ́ẹ̀ ń fi òṣùwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì wọn iyọ̀ ọbẹ̀ ni.

Nítorí náà, bó bá di dandan kí ẹ ra sẹ́ńsọ̀ kọ́ráǹtì tó ń gba ìta há wáyà, ẹ ra èyí tí kò ju 20 tàbí 30 A lọ. Bó bá jẹ́ ti 100 ló wà nílẹ̀, ẹ yí wáyà gba inú ihò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tó ń kà á di ìlọ́po mẹ́ta. Láàárín dráìfù àti mọ́tò, ẹ má lo sẹ́ńsọ̀ oníwáyà-wíwé, torí kì í ka kọ́ráǹtì dáadáa nígbà tí mọ́tò bá ń yí díẹ̀díẹ̀. Irú tí wọ́n ń pè ní Hall ló yẹ ibẹ̀. Ẹ pa iná ẹ̀rọ láti ìdí, kẹ́ ẹ sì dúró kí kàpásítọ̀ inú dráìfù tú iná rẹ̀ dànù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ibi tí wọ́n ti ń mú kíkà. Nígbà tí spindle bá ń bẹ̀rẹ̀, kọ́ráǹtì á fò sókè. Nígbà tí túùlù bá ń wọ irin, á tún fò. Tó bá dé ibi tí ṣáàfùtì ti tẹ́ẹ́rẹ́, á wálẹ̀. Ẹ yan ojú kan ṣoṣo lára ṣáàfùtì, níbi tí ínsáàtì yẹn ti ń gé ìjìn kan náà lórí ìwọ̀n kan náà, bíi ìṣẹ́jú àáyá 5. Ẹ mú ìpíndọ́gba agbára níbẹ̀. Ẹ yọ agbára tí spindle ń jẹ kí túùlù tó kan irin kúrò nínú rẹ̀. Èyí tó kù ni nọ́ńbà ṣáàfùtì yẹn, nọ́ńbà kan fún ṣáàfùtì kan, ó tán. Ohun tí ẹ máa fi wé ara wọn nìyẹn.

Ínsáàtì tuntun máa ń tètè jẹ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á fara balẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ìparí rẹ̀ ló wá ń sáré jẹ. Nítorí náà, ẹ má fi ṣáàfùtì àkọ́kọ́ ṣe ìpìlẹ̀. Ẹ mú ìpíndọ́gba ìkẹta sí ìkeje. Ẹ má sì ya ààlà àlámù látinú ìwé ẹlòmíràn. Fún ínsáàtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ máa yọ ọ́ wò lẹ́yìn ṣáàfùtì 10, 20, 30. Ẹ wọn ilà tó ń dán lábẹ́ ojú rẹ̀, níbi tó ti ń ha irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà agbára. Ìlànà ISO 3685 ka túùlù léètì sí èyí tó ti tán bí ìpíndọ́gba ilà yẹn bá dé 0.3 mm, tàbí bí ibi tó fẹ̀ jù níbẹ̀ bá dé 0.6 mm nígbà tí jíjẹ náà kò bá dọ́gba. Agbára tí ẹ bá rí ní 0.3 yẹn ni ààlà yín, lórí irin yẹn, pẹ̀lú ínsáàtì yẹn.

Ẹ tún wo bọ́tìnì override, èyí tó ń gbé ìyára ga tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ju bí ètò ṣe sọ. F. W. Taylor ti tẹ ìlànà rẹ̀ jáde láti ọdún 1907 pé ìyára ló ń pa túùlù jù. Fún ínsáàtì carbide (ohun líle tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ínsáàtì), bí ẹnì kan bá gbé ìyára spindle sí 120 nínú ọgọ́rùn-ún ní iṣẹ́ alẹ́ torí kó lè tètè parí, ẹ̀mí ínsáàtì yẹn á dín kù sí bí ìdajì. Bí ínsáàtì ṣe ń tán kó tó pé 32 nìyẹn, láìsí pé ínsáàtì ní àléébù kankan.

Ẹ̀yin olóòtú, léètì ọlọ́wọ́ ni mò ń lò, túùlù HSS, ìyẹn high-speed steel, ni mo sì ń pọ́n fúnra mi. Ṣé dandan ni sẹ́ńsọ̀ fún irú wa? (Ìbàdàn)

Rárá. Máíkírómítà tí ẹ fi ń wọn ṣáàfùtì ni sẹ́ńsọ̀ yín. Bí imú túùlù bá jẹ wọlé ní 0.05 mm, ìta ṣáàfùtì á fi 0.1 mm tóbi sí i láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan dáyà tó ń sún túùlù. Tí ẹ bá ń gé ọ̀pọ̀ ẹyọ kan náà, tí ìwọ̀n rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ẹyọ dé ẹyọ, túùlù ló ń jẹ. Bí ìwọ̀n bá ń ṣe ségesège, tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ wo dídì túùlù àti bẹ́ríìnì kí ẹ tó dẹ́bi fún un.

Ẹ tún máa wo àwọ̀ èérún irin. Fún HSS, bó bá ti ń di aláwọ̀ aró, ooru ti pọ̀ jù; ẹ dín ìyára kù. Láti wọn ilà tó ń dán láìní awò olówó ńlá, ẹ mú bébà fọ́tòkọ́pì lásán mẹ́ta, ẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀ ṣinṣin, kẹ́ ẹ fi etí wọn ti ojú túùlù lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10. Bébà kan nípọn tó bíi 0.1 mm. Bí ilà náà bá ti fẹ̀ tó etí bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti tó pọ́n.

Mílìn ni tèmi, kọ́tà (túùlù tó ń yí) eléyín 4 ni mò ń lò. Mo ra ADXL345, sẹ́ńsọ̀ kékeré tó ń ka ìgbọ̀n, mo fi mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí spindle. Ohun tí mò ń rí dà bí ariwo ọjà. Níbo ni mo ti ṣì í? Àbí sẹ́ńsọ̀ AE (tó ń gbọ́ ìró inú irin) ni kí n rà? (Ìkòròdú)

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ibi tó yẹ kẹ́ ẹ wò. Bí spindle bá ń yí ní 1,200 ní ìṣẹ́jú kan, 20 ni ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Eyín mẹ́rin, ìyẹn 80. Nítorí náà, bí ẹ bá ti tú ìgbọ̀n náà palẹ̀ pẹ̀lú FFT, ìṣirò tó ń fi bí ìgbọ̀n ṣe ga tó ní iye ìgbà kọ̀ọ̀kan hàn, 20 Hz (ìgbà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), 80 Hz àti àwọn ìlọ́po 80 ni kẹ́ ẹ fojú sí.

Bí eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ ń jẹ déédéé, 80 àti ìlọ́po rẹ̀ ló ń gòkè, 20 á sì wà níbi tó wà. Bó bá jẹ́ eyín kan ló ṣẹ́, gígé kò dọ́gba mọ́. Nǹkan kan wà tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní yíyí kọ̀ọ̀kan. 20 á ga, 60 àti 100 á sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 80 ní ọ̀tún àti òsì. Ẹ máa pín gíga 20 fún gíga 80. Èsì yẹn lásán á sọ fún yín bóyá eyín kan ni tàbí gbogbo wọn. Ẹ má gbàgbé pé kọ́tà tuntun náà máa ń ní 20 díẹ̀, torí kò sí kọ́tà tó ń yí láìṣe wọ́gọwọ̀gọ díẹ̀ nínú ohun tó dì í mú. Ẹ kọ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fi í sí i.

Ohun kan wà tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ní 750 yíyí, eyín mẹ́rin ń fún yín ní 50 Hz gééré, iná ìjọba náà sì jẹ́ 50 Hz. Ẹ ò ní mọ èwo ni túùlù, èwo ni wáyà tó ń fa iná mọ́ra. Ẹ sún un sí 720 tàbí 800 lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ wọn ìgbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ wá kan ADXL345 fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń jí, 100 ló ń kà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a jẹ́ pé kò lè rí ohun tó bá ju 50 Hz lọ bó ṣe yẹ. 80 tí ẹ ń wá kò sí níbẹ̀ nìyẹn, èyí tó bá sì yọ́ kọjá nínú rẹ̀ á gbé aṣọ 20 Hz wọ̀, ẹ ó rò pé eyín kan ti ṣẹ́. Ó lè ka 3,200, ṣùgbọ́n ẹ ní láti yí i sí i fúnra yín, SPI ni kẹ́ ẹ sì fi so ó. I2C, ọ̀nà ìsopọ̀ kejì rẹ̀, ò lè gbé iye yẹn. Mágínẹ́ẹ̀tì náà kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ fi súpà gúlù tín-ínrín lẹ̀ ẹ́ sítòsí bẹ́ríìnì iwájú. Ti onísíkúrù ló dára jù. Ẹ sì di okùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, torí okùn tó ń jò á kọ ijó tirẹ̀ sínú dátà yín.

AE ń gbọ́ ohùn tó wà láàárín nǹkan bí 100 kHz sí 1 MHz, ìyẹn ìró irin bó ṣe ń ya àti bí túùlù ṣe ń sán. Ó máa ń tètè mọ̀ tí nǹkan bá fọ́. Àmọ́ gbogbo ibi tí irin bá ti kan irin ni ohùn yẹn ń sọnù díẹ̀, ó ń fẹ́ gírísì láàárín òun àti irin, káàdì tó lè kà á sì wọ́n. Ẹ jẹ́ kí 80 Hz yé yín ná.

Mo lo dátà PHM 2010 fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Módẹ́ẹ̀lì mi (ètò kọ̀ǹpútà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ látinú dátà) gba 98 nínú 100. Nígbà tí mo gbé e dé orí ẹ̀rọ mílìn iléèwé, kò mọ túùlù tuntun yàtọ̀ sí èyí tó ti jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́)

Fún àwọn òǹkàwé yòókù: dátà ìdíje kan ni PHM 2010. Kọ́tà mẹ́fà tó ní eyín 3 ni wọ́n fi gé irin líle, spindle ń yí ní 10,400. Wọ́n ka ipá lọ́nà mẹ́ta, ìgbọ̀n lọ́nà mẹ́ta, àti AE, 50,000 kíkà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mẹ́ta péré nínú kọ́tà náà, c1, c4 àti c6, ni wọ́n fi ìwọ̀n jíjẹ rẹ̀ sí, ìgè 315 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan (ìgè kan ni kí túùlù gé ojú irin kọjá lẹ́ẹ̀kan).

A fura sí bí ẹ ṣe pín dátà. Bí ẹ bá gé ìgè kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, tí ẹ wá po gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni po gàrí kẹ́ ẹ tó yọ ti ìdánwò, ègé tí módẹ́ẹ̀lì fi kẹ́kọ̀ọ́ àti ègé tí ẹ fi dán an wò ti inú ìgè kan náà wá. Ó ti rí ìdáhùn ṣáájú. Ẹ fi c1 àti c4 kọ́ ọ, kẹ́ ẹ fi c6 dán an wò láìjẹ́ kí ẹyọ kan nínú c6 wọ inú ẹ̀kọ́. Ẹ tún yí wọn ká, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdánwò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sì fi máíkírómítà, ìyẹn ìdá ẹgbẹ̀rún mílímítà, sọ àṣìṣe rẹ̀. “98 nínú 100” kò sọ fún ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ bóyá kó pààrọ̀ túùlù.

Ìdánwò kejì rọrùn, ó sì le. Ẹ ṣe módẹ́ẹ̀lì kejì tí kò rí ìgbọ̀n tàbí ipá rárá, nọ́ńbà ìgè nìkan ló rí: 1, 2, 3, dé 315. Bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bá sún mọ́ tiyín, a jẹ́ pé àsìkò ni módẹ́ẹ̀lì yín kọ́, kò kọ́ jíjẹ.

Ní ti ẹ̀rọ iléèwé, ohun gbogbo ló yí padà: irin, ìyára, iye eyín, ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà. Ní 10,400 pẹ̀lú eyín 3, ìgbọ̀n gígé wà ní 520 Hz. Ní 1,200 pẹ̀lú eyín 4, 80 Hz ni. Bí ẹ bá fún un ní Hz lásán, ibòmíràn ló ń wò. Ẹ pín ìgbọ̀n fún ìyára spindle, kó di iye ìgbà ní yíyí kan, kẹ́ ẹ sì pín kíkà kọ̀ọ̀kan fún kíkà kọ́tà yẹn nígbà tó ṣì wà ní tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ dátà tí ipò gígé ti ń yàtọ̀ síra, ti Yunifásítì California ní Berkeley tí NASA gbé síta ní ọ̀nà 16, lórí irin dídà àti irin tí kì í dípẹtà. Kì í ṣe gbogbo ìgè inú rẹ̀ ni wọ́n wọn jíjẹ fún, ẹ má kàn fi òdo dí àlàfo wọn.

Iléeṣẹ́ tí mo wà ní Coventry ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ túùlù. Ó ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi pa á. Kí la lè ṣe? (Coventry, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì)

Àlámù tó ń parọ́ burú ju àìní àlámù lọ, torí ọjọ́ tó bá sọ òótọ́, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ẹ wo àwọn wọ̀nyí bí a ṣe tò wọ́n, torí bí wọ́n ṣe sábà máa ń wáyé nìyẹn.

Ṣé ìgè àkọ́kọ́ ló ń ṣọ́? Ara irin dídà le ju inú rẹ̀ lọ, iyanrìn sì lè wà níbẹ̀, ìnípọn rẹ̀ kì í dọ́gba. Ẹ sún fèrèsé, ìyẹn àkókò tí ẹ̀rọ fi ń ka gígé, lọ sí ìgè kejì. Ṣé òwúrọ̀ ni ariwo pọ̀ jù? Òróró tàbí gírísì bẹ́ríìnì ṣì tutù ni, spindle ń jẹ agbára ju ti ọ̀sán lọ láìtíì gé nǹkan kan. Bí ètò yín bá ń yọ agbára òfìfo kúrò ṣáájú ìgè kọ̀ọ̀kan, èyí á tán. Ṣé ojú pẹpẹ ni ẹ ń gé lórí léètì pẹ̀lú G96, àṣẹ CNC tó ń jẹ́ kí ìyára gígé dúró sójú kan? Bí túùlù ṣe ń sún mọ́ àárín, spindle ń sáré sí i, sísáré yẹn fúnra rẹ̀ ń jẹ agbára. Ẹ má fi fèrèsé síbẹ̀. Ṣé ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí irin tuntun dé? Ẹ wọn líle rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ìpìlẹ̀ tuntun fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya àlámù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti jíjẹ kò gbọdọ̀ ké àfi bí ẹyọ mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn bá kọjá ààlà, kò sì gbọdọ̀ dá ẹ̀rọ dúró. Kó kàn sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ẹyọ yìí. Ti fífọ́ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ dá fíìdì dúró lójú ẹsẹ̀, láìretí ìpíndọ́gba kankan. Ẹ fi ìkẹta sí i nísàlẹ̀, fún ìgbà tí kíkà bá kéré jù. Lẹ́tà tó kẹ́yìn yìí á jẹ́ kẹ́ ẹ rí ìdí rẹ̀.

Ẹ káàsán o. Ká máa gé lọ lórí léètì, kọ́ráǹtì kàn já wálẹ̀ lójijì. A rò pé NEPA ló mú fóltéèjì wálẹ̀, a sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ìgbà tó yá la rí i pé ínsáàtì ti fọ́. Ṣé kò yẹ kí kọ́ráǹtì gòkè ni? (Ṣàgámù)

Nígbà tó ń fọ́, ó gòkè, ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá. Mítà tó ń kà lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní rí i. Lẹ́yìn tí imú rẹ̀ bá ti lọ, èyí tó kù kò dé inú irin bó ṣe ń dé e tẹ́lẹ̀. Ó ń gé díẹ̀, mọ́tò sì ń sinmi.

Ọ̀nà wà láti mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti NEPA. Bí fóltéèjì bá wálẹ̀ nígbà tí mọ́tò tí kò ní dráìfù ń gé irin gan-an, kọ́ráǹtì rẹ̀ sábà máa ń gòkè ni, torí iṣẹ́ kan náà ló fẹ́ fi iná tí kò lágbára ṣe. Kọ́ráǹtì òfìfo rẹ̀ ló máa ń wálẹ̀. Nítorí náà, ẹ fa túùlù sẹ́yìn, kẹ́ ẹ wo òfìfo. Bó bá jẹ́ bó ṣe wà ní àárọ̀ ló ṣì wà, ọwọ́ NEPA mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ lọ wo ínsáàtì. Bí ẹ bá ń ti orí jẹnẹrétọ̀ bọ́ sórí iná ìjọba láàárín iṣẹ́, kọ́ráǹtì nìkan kò tó; ẹ lo mítà tó ń ka fóltéèjì pẹ̀lú kọ́ráǹtì, kó fún yín ní agbára.

Ẹ má fi ínsáàtì tuntun síbẹ̀ kẹ́ ẹ sì máa bá a lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wọn ṣáàfùtì láti ibi tí kọ́ráǹtì ti já, torí ibẹ̀ ṣì nípọn, túùlù tó ń bọ̀ wá dán an, tó retí 0.5 mm, lè bá 2 mm níbẹ̀. Ẹ sì fi ìka ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́, pẹ̀lú spindle dídúró, wá ègé carbide tó há sára irin. Ó kéré, ó dúdú, ó sì le ju irin náà lọ. Bí ẹ kò bá yọ ọ́ kúrò, òun ló máa fọ́ ínsáàtì kejì.